Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́ Tó Mọ Ọ̀nà Ilé Nìkan

Ta ni kẹ̀kẹ́ ń gbọ́ tirẹ̀: ẹni tó gùn ún ni, àbí ẹni tó ṣe é? Títí di òní, Àwẹ̀ró kò tíì rí ìdáhùn. Ohun tó mọ̀ ni pé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gun kẹ̀kẹ́ jáde nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni kẹ̀kẹ́ gbé e padà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, tòun ti Enítàn, ọmọ oṣù márùn-ún, tí ara rẹ̀ ń gbóná bí iná lẹ́yìn rẹ̀.

Inú ihò gígùn kan lábẹ́ ilẹ̀ òṣùpá ni ìlú wọn, Ìsàlẹ̀-Òṣùpá, wà. Òkúta lókè, òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àtùpà ńlá kan ni wọ́n ń pè ní oòrùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló la ìlú já, kẹ̀kẹ́ sì ni tọmọdé tàgbà ń gùn lórí rẹ̀, nítorí iná mànàmáná kò tó fún ọkọ̀. Ọdún kẹrin nìyí tí Ọ̀mọ̀wé Akínfẹ́nwá ti ṣe ọwọ́-amọ̀nà. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irin. Inú omi ni wọ́n ti mú un hù bí egungun, ó sì ní iṣan. Bí o bá dì í mú, á máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù lára rẹ. Bí ó bá gbọ́ pé ó ń sáré jù, á gbà pé ẹ̀rù ti dà ọ́ lórí rú. Á rọra yí ara rẹ̀, á sì gbé ọ padà sílé kí o má baà lọ pa ara rẹ. Látìgbà tó ti dé, kò sẹ́ni tó forí sọ òkúta mọ́. Ìlú yọ̀. Wọ́n fi ṣòfin: kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ hàn lójú ọ̀nà.

Àmọ́ àwọn abiyamọ kan wà tí ọwọ́-amọ̀nà kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá oríta àdúgbò. Ojo ni wọ́n ń pè wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀meje ni kẹ̀kẹ́ dá Ìyá Ṣíjúadé, aládùúgbò wọn, padà. Ọmọ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ dókítà. Níbi ìsìnkú, ẹnìkan sọ sí Àwẹ̀ró létí pé, "Ẹ̀rù ìyá ló pa á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dún lórí Àwẹ̀ró wàyí. Kìlómítà méjìlá ni ilé ìwòsàn sí wọn. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà kò sì tó ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn ín. Ọkọ rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń wa yìnyín, ó di oṣù tó ń bọ̀ kó tó dé. "Ọkàn mi, balẹ̀ o," ni Àwẹ̀ró ń wí lẹ́nu. Ọkàn ta ló ń balẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò lè fa ọmú mọ́?

"Kí ló tún dé?" Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń béèrè lórí àpótí tó jókòó sí, orúnkún rẹ̀ wú rọ̀pọ̀tọ̀.

"Màmá, ó tún dá mi padà."

Ìyá arúgbó náà wo ògiri. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ olóògbé ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, irin gidi tí wọ́n gbé wá láti ilé ayé, tó tẹ̀ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ìwo àgbò.

"Gbé e sọ̀. Gbé ọmọ fún mi, kí o lọ mú sípánà."

"Màmá, òfin ńkọ́? Wọ́n á tì wá mọ́ àdúgbò."

"Ṣé ìta lo wà tẹ́lẹ̀ ni?"

Àwẹ̀ró gbé ọmọ fún un, ó kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́. Ó tú rọ́bà tí wọ́n fi wé ọwọ́-amọ̀nà. Ó tú bíréèkì méjèèjì, ó jẹ́ kí wọ́n máa fì lórí wáyà wọn. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, síbẹ̀ ọwọ́-amọ̀nà kò yí rárá lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò ráyè ro ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dì í mú níwájú. Ó ti tú mẹ́ta nígbà tí ẹnìkan kígbe lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Enítàn! Ẹ fi sílẹ̀!"

Ọ̀mọ̀wé Akínfẹ́nwá ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Yàrá ìṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń wo gbogbo kẹ̀kẹ́ ìlú, ti ta á lólobó. Bó ṣe rí ìyá arúgbó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ọ̀sán, Mà."

"Akínfẹ́nwá, dìde, ò ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ìyàwó mi."

"Màmá, ọwọ́-amọ̀nà kì í purọ́. Ọgọ́ta ènìyàn la fi dán an wò, kò ṣì í rí. Ẹ̀rù ló ń ba Ìyá Enítàn. Wọ́n á forí sọ òkúta, tìyá tọmọ. Ẹ jẹ́ kí ọkàn wọn kọ́kọ́ balẹ̀ ná."

"Nígbà tí gìrì mú ọ lọ́mọ ọdún méjì, tí ìyá rẹ kò sí nílé, èmi ni mo pọ̀n ọ́ sáré. Ọkàn mi balẹ̀ bí? Bàtà mi kan bọ́ lọ́nà, n kò wẹ̀yìn. Ẹ̀rù yẹn ló gbé ọ débi tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní Ọ̀mọ̀wé lónìí."

Ọ̀mọ̀wé yíjú sí Àwẹ̀ró. "Bí ẹ bá yọ ọ́, ọdún méjì gbáko lẹ ò ní kọjá àdúgbò yìí. Kì í ṣe èmi o, òfin ni."

"Mo gbọ́, sà," ni Àwẹ̀ró wí. Ó sì tú nọ́ọ̀tì kẹrin.

Ó ti irin náà bọ àyè rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín gan-an. Ó fẹ́ fún nọ́ọ̀tì kan pa. "Rárá o!" ni ìyá arúgbó wí. "Fún tòkè ọ̀tún díẹ̀, kí o bọ́ sí tìsàlẹ̀ òsì. Bí ìgbà tí èèyàn ń pọnmọ ni. Bí o bá fa apá kan jù, gbogbo rẹ̀ á wọ́." Àwẹ̀ró dá bíréèkì padà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, táyà dúró gbọin. Kò sí rọ́bà tuntun, ó ya ọ̀já àtijọ́ kan, ó fi wé irin náà láti ìdí títí dókè. Ọ̀mọ̀wé kàn dúró, kò lè tàpá sí ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó tó pọ̀n ọ́n rí.

Àwẹ̀ró pọn Enítàn, ó gun kẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé oríta, ó di irin náà mú bí ẹni tó di ẹ̀ka mú lójú odò. Ó ń dúró de ìgbà tí yóò yí. Irin kò yí. Òkúta ń sáré kọjá létí rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń wa kẹ̀kẹ́, kò sì forí sọ ohunkóhun. Kí wọ́n tó pa àtùpà ńlá, Enítàn ti ń ké lọ́wọ́ dókítà, igbe ẹni tí ara rẹ̀ ti ń yá.

Àwẹ̀ró ṣe ọdún méjì ìyà rẹ̀ pé. Òpópónà mẹ́ta péré ni àdúgbò wọn ní. Ó mọ gbogbo òkúta ibẹ̀ lójú. Ohun tó ń dùn ún jù kì í ṣe ìtìmọ́lé. Òun náà gbà pé ojo lòun, ojo tó jí ọ̀nà rìn.

Enítàn ti pé ọmọ ọdún méjìlá kí Ọ̀mọ̀wé tó padà wá, irun rẹ̀ ti funfun, ìwé orúkọ ọgọ́ta ènìyàn ọjọ́sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó pọnmọ nígbà tí wọ́n ń dán ọwọ́-amọ̀nà wò. Ọkàn ọmọ ọwọ́ a sì máa yára ju ti àgbà lọ fíìfíì, kódà bí ó bá ń sùn. Ọkàn tí kẹ̀kẹ́ gbọ́ lára Àwẹ̀ró lọ́jọ́ yẹn, ti Enítàn ni.

"Ta ni yóò sọ fún Ìyá Ṣíjúadé báyìí?" ni Àwẹ̀ró kọ́kọ́ béèrè.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sin ìyá náà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà, títí ó fi kú ló sì ń bẹ ọmọ rẹ̀ tó ṣaláìsí pé kó dárí ẹ̀rù ji òun.