Àga Táyé

Ìdérí ṣì wà lójú kámẹ́rà mi nígbà tí mo ya àwòrán tó dára jù lọ láyé mi.

Dúdú-òun-Funfun ni wọ́n ń pè mí nílùú Ìbá, torí mi ò fi nǹkan mìíràn yàwòrán ju fíìmù dúdú òun funfun lọ. Kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì mú Kẹ́hìndé ọmọ wọn wá láti Ọ̀tọ̀-Àwórì, ṣe ni inú mi ń dùn ṣìnkìn. Kẹ́hìndé ti dàgbà, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ni Táyé nígbà tó kú. Ojú Ìyá sì ti ń ṣú lọ; wọ́n fẹ́ rí ọmọ méjèèjì pọ̀ kí ojú náà tó fọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́ ni wọ́n fẹ́: kí n ya Kẹ́hìndé lápá ọ̀tún, kí n tún yà á lápá òsì bíi Táyé, sójú fíìmù kan náà. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí! Fíìmù kan péré ló sì kù sí mi lọ́wọ́.

Mo to àga méjì. Mo fi páálí dúdú bo apá òsì ojú kámẹ́rà, Kẹ́hìndé jókòó lọ́tùn-ún. Ló bá gbọn èjìká.

"Màámi, ọwọ́ yín tutù," ó rọra sọ.

Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá jókòó sí. Mo ní kí Kẹ́hìndé má mira, mo yà á. Mo fi ìdérí dé ojú kámẹ́rà kó lè pààrọ̀ aṣọ àti àga, mo gbé páálí sápá ọ̀tún, mo tún yà á.

Wọ́n ti wọkọ̀ lọ kí n tó rí i pé mi ò ṣí ìdérí yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ayọ̀ ló mú mi gbàgbé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ìyá?

Síbẹ̀ mo fọ fíìmù náà. Mi ò lè wò ó. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo rì í sínú abọ́ omi oògùn lábẹ́ gílóòbù pupa. Kẹ́hìndé yọ lọ́tùn-ún. Apá òsì ń ṣú lọ bí mo ti rò, àmọ́ ojú ẹnìkan ṣẹ́kù láàárín rẹ̀ tí kò ṣú. Ó ń rẹ́rìn-ín, èjí hàn lẹ́nu rẹ̀. Mo pariwo, mo jó bí ọmọdé! Ìgbà tí mo tan iná funfun ni mo rí ọwọ́ tó ti àga òsì wá, tó sinmi léjìká Kẹ́hìndé. Ijó tán lẹ́sẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n padà wá, Ìyá gbé àwòrán náà súnmọ́ imú.

"Bọ̀dá Kàmọ́rù," Kẹ́hìndé sọ̀rọ̀ sí mi létí, "èmi ò ní èjí lẹ́nu. Táyé ló ní in. Ta lẹ yà?"

Ìyá ò gbọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn.

"Táyé mi! Ẹ wò ó, ó mà ti dàgbà o!"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Kẹ́hìndé tún gbọn èjìká.