Ohun Tí Ọlálẹ́yẹ Kò Lè Sọ

Èébú ni ohun àkọ́kọ́ tí Jọọlá gbọ́ lẹ́nu Ọlálẹ́yẹ. Kì í ṣe òun ni ọkùnrin náà ń bú o. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Lawrence ló ń bú, níwájú aláboyún mẹ́fà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìlera Mahintedo.

"Ọdún karùn-ún rẹ nìyí nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, o kò tíì lè fọwọ́ kan ikùn aláboyún kí o mọ ibi tí orí ọmọ wà! Ta ló tan àwọn òbí rẹ pé wàá di dókítà?"

Lawrence bojú wolẹ̀. Àwọn aláboyún náà bojú wolẹ̀.

Ọdún 2006 ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Dókítà Ọlálẹ́yẹ, olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kó akẹ́kọ̀ọ́ méje wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Igbókòdá, pé kí wọ́n wá lo oṣù kan láàárín àwọn ará omi. Jọọlá Olówòkéré, agbẹ̀bí tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìlera náà, ń tọ́jú aláboyún kan lọ́wọ́. Ó parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó dúró títí àwọn obìnrin náà fi wọ ọkọ̀ wọn lọ. Ìgbà náà ló wá bá Ọlálẹ́yẹ lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí omi lẹ́yìn ilé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ mọ iṣẹ́ yín, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ ọ́n kọ́ni."

Ọlálẹ́yẹ wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Kí lẹ wí, Nọ́ọ̀sì?"

"Ọmọkùnrin yẹn mọ ibi tí orí ọmọ wà. Ẹ̀rù yín ni kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe."

Ọjọ́ méjì gbáko ni Ọlálẹ́yẹ kò kí i. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbọ́ ẹ̀rín láti yàrá ẹ̀yìn, ó sì lọ wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Jọọlá ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń gbẹ̀bí ní abúlé ọ̀nà Etikan lẹ́kọ̀ọ́. Ó ti fi táwẹ́lì àtijọ́ àti fóòmù rán nǹkan kan tó rí bí ilé ọmọ, ó fi ọ̀rá tó kún fún omi ìsápá sínú rẹ̀. Bí ẹni tó ń gbẹ̀bí kò bá tètè fọwọ́ tẹ ibi tó yẹ, omi pupa á máa ya sílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ bí ìyá, ọ̀kan ń gbẹ̀bí, ìkẹta ń wò. Ẹni tó ń gbẹ̀bí ṣi ọwọ́ gbé, omi pupa ya dé ẹsẹ̀ wọn, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dára," Jọọlá wí fún un. "O ti pa obìnrin kan lónìí, táwẹ́lì ni. Ìwọ lo máa kọ́ àwa yòókù lọ́la. Lọ rò ó wò, kí o wá sọ fún wa ohun tí ọwọ́ rẹ kò ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lónìí ni olùkọ́ ọ̀la.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin náà lọ tán, Ọlálẹ́yẹ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé síbí, obìnrin méjì ló kú lọ́wọ́ mi. Àwọn tó gbé wọn wá kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nínú ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá bí wọ́n ṣe máa mọ̀ ọ́n."

Ó fi ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin hàn án. Ọdún mẹ́fà ló wà nínú wọn: ohun tó dánwò, ohun tí kò ṣiṣẹ́, orúkọ ẹni tó tètè mọ̀ ọ́n, ìdí tí ẹlòmíràn kò fi mọ̀ ọ́n.

Ọlálẹ́yẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣí ìwé. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ó ní, "Èébú làwọn ọ̀gá tèmi fi kọ́ mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ni rí. Wọ́n kàn fún wa ní ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ní ká máa lọ."

Jọọlá rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, ọkàn àwọn méjèèjì kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́.

Kò pẹ́ tí Ọlálẹ́yẹ fi ń wá lóṣooṣù, kódà nígbà tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan láti kó wá. Èbúté nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ní Mahintedo, ibẹ̀ sì ni Jọọlá máa ń dúró sí nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú fóònù létí.

"Àyànfẹ́ mi, ṣé mo bú ẹnikẹ́ni lónìí?"

"Mi ò sí níbẹ̀, Dókítà mi. Ẹ sọ fún mi."

"Mo fẹ́ bú ọ̀kan. Mo rántí ojú rẹ, mo gbé e mì."

Ó máa ń rẹ́rìn-ín títí àwọn tó ń já ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fi máa wò ó.

Ìyá Ọlálẹ́yẹ kò fẹ́ Jọọlá. Obìnrin náà ní òun kò rán ọmọ níwèé títí tó fi di dókítà kó wá lọ fẹ́ nọ́ọ̀sì inú omi. Ṣùgbọ́n Ọlálẹ́yẹ dúró sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wá bá bàbá Jọọlá fúnra rẹ̀. Apẹja ni Bàbá Èlíjà Olówòkéré, ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, epo rọ̀bì tó ń dà sínú omi sì ti lé ẹja jìnnà sí i débi pé ìrìn ọjọ́ méjì ló ń rìn kó tó rí ohun tó máa tà.

"Ará òkè ni," Bàbá Èlíjà wí. "Ṣé ó lè jẹ púpurú?"

Ọlálẹ́yẹ jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará omi, ó tún bù sí i. Bàbá Èlíjà pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ará òkè. Nígbà tó di ìparí ọdún 2007, wọ́n ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé. Ilé iṣẹ́ epo kan fẹ́ fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílùú òyìnbó, kí wọ́n lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ dókítà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé lórí ọ̀nà tuntun kan tó ti dánwò.

"Jọọlá mi, yá mi ní àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ. A ó jọ kọ ọ́ ni."

"Orúkọ àwa méjèèjì?"

"Orúkọ ta ni yóò tún jẹ́? Tìrẹ ló máa ṣáájú."

Ó kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un. Ní oṣù yẹn gan-an ni wọ́n fún Jọọlá náà láyè ní Àkúrẹ́ láti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọlálẹ́yẹ ní kó jọ̀ọ́, kó ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ nǹkan inú ìwé náà ni kò yé òun, òun nílò rẹ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́. Bí òun bá dé láti òkè òkun, wọn á ṣègbéyàwó, Jọọlá yóò sì wá lọ sí Àkúrẹ́. Jọọlá gbà. Ó jẹ́ kí àyè náà kọjá. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló dúró sí èbúté, ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún ọkùnrin tó fẹ́ràn.

Ọlálẹ́yẹ rí ẹ̀kọ́ náà gbà. Ọdún kan di méjì. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé rẹ̀, kò fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó padà dé ní 2010, Mahintedo ló kọ́kọ́ wá, pẹ̀lú òrùka. Wọ́n dá oṣù Kejìlá fún ìgbéyàwó. Jọọlá bi í nípa ìwé wọn. Ó ní wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó yára bèèrè ẹja.

Nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n pe àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni wá sí Àkúrẹ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó dìde láti kọ́ wọn ni Lawrence. Òun náà ti di dókítà, ó ti ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ tó ti jáde. Kò rí Jọọlá lẹ́yìn. Ó pín ìwé kan fún wọn, "Ọ̀nà Ọlálẹ́yẹ" ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀.

Jọọlá ṣí i. Táwẹ́lì wà níbẹ̀. Omi ìsápá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lónìí ni olùkọ́ ọ̀la, ó wà níbẹ̀. Ó wá orúkọ rẹ̀ níwájú, ó wá a lẹ́yìn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn obìnrin ẹsẹ̀ odò". Ó padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó kà á: "Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí omi, obìnrin méjì ló kú lọ́wọ́ mi."

Ó pa ìwé náà dé. Ó jáde.

Ìgbà náà ni Lawrence rí i, ó sáré tẹ̀ lé e. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́... mo rò pé ẹ mọ̀. Mo rò pé ẹ̀yin àti Dókítà lẹ jọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọlálẹ́yẹ wá sí Mahintedo lọ́jọ́ Sátidé. Jọọlá gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, kò jiyàn.

"Bí mo bá fi orúkọ nọ́ọ̀sì síwájú, wọn ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ń wá. Mo ṣe é fún àwa méjèèjì, Jọọlá."

"Àwọn obìnrin méjì yẹn ńkọ́? Ọwọ́ ta ni wọ́n kú sí?"

Ọlálẹ́yẹ dojú ìwé náà bolẹ̀.

"Mo ti gba gbogbo ìyókù mọ́ra. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pa ojú wọn dé. Èmi ni mo lọ bá ọkọ wọn. Báwo lẹ ṣe mú ìyẹn?"

"Jẹ́ kí n di ọ̀jọ̀gbọ́n ná. Ìwé ìgbéga mi wà níwájú wọn báyìí. Bí mo bá gbà á tán, mo máa tún un kọ. Mo ṣèlérí."

Bàbá Èlíjà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí àlejò ti lọ. "Ọma mi, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lo pé yìí. Ìwé lásán ni. Ọkùnrin náà fẹ́ ọ, ó dúró dè ọ́. Ta ni yóò tún gba orí omi wá bá wa lẹ́yìn rẹ̀?"

Jọọlá náà fẹ́ ọkùnrin náà. Ohun tó dun ún jù nìyẹn. Ó fi fóònù pe Ọlálẹ́yẹ, ó ní: "Ẹ lọ sọ fún wọn nílé ẹ̀kọ́ fúnra yín. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gba gbogbo ohun tí wọ́n fún yín, ẹ wá síbí, a ó ṣègbéyàwó wa lórí pákó." Ọlálẹ́yẹ ní òun á lọ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé mẹ́ta kọjá. Jọọlá kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Moríkẹ́, obìnrin àgbà kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, ni alága ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn. Ó mú kí Jọọlá àti Ọlálẹ́yẹ jókòó kojú síra wọn, tábìlì kan ló wà láàárín wọn. Jọọlá ti mú ojúlówó aṣọ rẹ̀ wọ̀. Títí di àkókò yẹn, ó gbà pé bí wọ́n bá bi Ọlálẹ́yẹ níwájú òun, kò ní lè purọ́.

"Dókítà Ọlálẹ́yẹ," obìnrin náà bèèrè, "ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìkọ́ni yìí?"

Ọlálẹ́yẹ wo Jọọlá. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Jọọlá rí i pé ètè rẹ̀ mì.

"Nọ́ọ̀sì Olówòkéré wà lára àwọn tó ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀," ó wí. "Wọ́n gbà wá lálejò dáadáa."

"Wọ́n ní àwọn ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lọ́wọ́ yín."

"N kò rántí ìwé kankan, Mà."

Lawrence, tó wà lára àwọn tí ìgbìmọ̀ pè, ló dìde. Ọ̀gá rẹ̀ ni Ọlálẹ́yẹ, Ọlálẹ́yẹ ló sì máa fọwọ́ sí i kó tó lè gòkè. "Mo rí àwọn ìwé náà, Mà. Mẹ́rin ni. Mo kà wọ́n ní Mahintedo lọ́dún 2006. Gbogbo àwa méje la kà wọ́n. Nọ́ọ̀sì Olówòkéré ló kọ́ Dókítà."

Ìgbìmọ̀ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ méjì mìíràn lórí fóònù. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n ti pàṣẹ pé kí orúkọ Jọọlá Olówòkéré ṣáájú nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ dídi ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlálẹ́yẹ sì dúró fún ọdún méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Moríkẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Jọọlá dúpẹ́. Ó jáde.

Ọlálẹ́yẹ bá a lábẹ́ igi níwájú ilé. "Jọọlá, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ. Ó ti parí. Ohun tí o fẹ́ ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Jẹ́ ká máa ṣètò oṣù Kejìlá wa lọ."

"Lawrence kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Mo mọ̀. Mo ń wò ọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó pè é ní ìwọ. "Bí o bá ti sọ ọ́ níbẹ̀, bí o tiẹ̀ pẹ́ kó o tó sọ ọ́, ǹ bá fà ọ́ lọ́wọ́ jáde. Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó wọlé. O gbọ́? Mo ti dárí jì ọ́. O wò mí lójú, o ní mo gbà yín lálejò."

Ọlálẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bí ọkùnrin tí kò mọ ẹkún sun ṣe máa ń sun ún. "O ò fẹ́ràn mi mọ́?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ìyà tó ń jẹ mí nìyẹn." Ó bọ́ òrùka náà, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e. "Má wá sí Mahintedo mọ́."

Ó wọ mọ́tò dé Igbókòdá. Bàbá Èlíjà ti fi ọkọ̀ rẹ̀ dúró dè é ní èbúté. Àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ ni bàbá náà ń wá lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ó ń bọ̀?"

"Kò bọ̀ mọ́, Bàbá."

Bàbá Èlíjà dìde nínú ọkọ̀. Ó na ọwọ́ fún un wọnú ọkọ̀, ó bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó fi bò ó léjìká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò rọ̀. Ó fa ẹ́ńjìnnì. Ariwo ẹ́ńjìnnì náà pọ̀, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ẹkún Jọọlá nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sì dín in kù títí wọ́n fi délé.