Igba Àga Bàbá Adégbóyè

“Mákindé!”

“Mo wà níbí, sà!”

“Àyàntúndé!”

“Mo wà níbí, sà!”

“Oyèkúnlé! Oyèkúnlé dà? Àbí ó tún ń sùn ni?”

Bàbá Adégbóyè ló ń pe orúkọ, Bàbá Adégbóyè náà ló ń jẹ́ ẹ. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé. Àwọn tó ń pè kì í ṣe ènìyàn rárá, àga oníke ni wọ́n. Igba àga funfun, tí wọ́n tò lérí ara wọn láti ilẹ̀ títí kan àjà nínú pálọ̀, tí wọ́n gba yàrá àlejò, tí wọ́n sì dí fèrèsé méjì pa. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé láràárọ̀, tó sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà, ẹnu rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Bó bá ti gbàdúrà òwúrọ̀, tó mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, ó di iwájú àga.

Orúkọ ta ló ń pè? Orúkọ àwọn tí yóò wá síbi ìsìnkú rẹ̀ ni.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà nídìí. Nígbà tí Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, èrò tó wá pọ̀ ju àga lọ. Àwọn àna rẹ̀ láti Ìdógò dúró sínú oòrùn fún odidi wákàtí mẹ́ta, ìyá àgbà kan sì dákú láàárín wọn. Àwọn ará ìlú rẹ̀, Ìlaròó, kò jẹ́ kó gbàgbé. “Hẹdimásítà tó kọ́ gbogbo wa ní ìṣirò, kò lè ṣírò èrò tí yóò wá sin ìyàwó ẹ̀!” Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọ egungun. Láti ìgbà náà ló ti ń ra àga díẹ̀díẹ̀, títí ó fi pé igba. Ó ní kí akunlé kan fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: Ó DÌGBÓṢE, BÀBÁ ADÉGBÓYÈ. Ó tọ́jú owó màlúù sí bánkì. Ó yan orin tí wọn yóò kọ. Gbogbo nǹkan ti pé, òkú nìkan ló kù.

Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́fà, ẹnì kan kò jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn àga yìí rí. Ìbíyẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà. Ó ń pè lẹ́ẹ̀kan lóṣù. “Dádì, mo wà níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ n pè yín padà.” Ó di oṣù mìíràn nìyẹn. Ojú ọ̀nà tó lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn ni ilé Bàbá wà, ariwo ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sí ẹnubodè kì í sì í jẹ́ kó sùn tẹ́lẹ̀. Ó ti fi ìbínú kọ lẹ́tà sí káńsù nítorí fèrè ọkọ̀ rí. Ní oṣù Ògún ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìjọba ti ẹnubodè pa. Fèrè dákẹ́. Àwọn oníṣòwò tó máa ń yà pọn omi kànga rẹ̀, tí wọ́n ń kí i ní “Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o,” kò kọjá mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin tó kọ lẹ́tà sí káńsù yóò lọ dúró sẹ́nu géètì, yóò máa retí bóyá ọkọ̀ kan á tilẹ̀ fọn fèrè sí òun.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Ọ̀wàrà, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Morádéyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun ni ìjọ rán lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́n ní Ìgbó-Ọsàn, abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀gùá.

“Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè,” ló wí, “àwọn ará abúlé ò rọ́jà ná mọ́. Wọ́n ń wá gbọ́ ìhìnrere, wọ́n sì ń kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wa, tọmọdé tàgbà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Bí àwọn ìyá àgbà bá ti jókòó, ènìyàn méjì ló ń gbé wọn dìde.”

Ibẹ̀ gan-an ni pajápajá ti mú Bàbá Adégbóyè lẹ́sẹ̀. Ó fò sókè, ó na ọwọ́ sókè, ó ń wá ohun tó máa dì mú.

“Háà!” ni Pásítọ̀ kígbe. “Bàbá Hẹdimásítà ti dìde! Wọ́n fẹ́ fi àga wọn tọrẹ! Ẹ yin Olúwa!”

Halelúyà sọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ orin. Ta ló láyà láti sọ pé pajápajá ni? Bàbá mi orí, ó rọra jókòó.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí Morádéyọ̀ fi kanlẹ̀kùn.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ ká tètè yanjú ẹ̀. Mi ò fi tọrẹ o, mo yá yín ni. Ọgọ́ta péré. Ọjọ́ tí mo bá kú, kí ẹ kó wọn padà wá kíá.”

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀. “A dúpẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wa?”

“Sọ kí ni?”

“Pé ẹ ti kú, sà.”

Bàbá la ẹnu láti dáhùn. Ìbíyẹmí ni? Ta ni yóò sọ fún Ìbíyẹmí? Ará ilé kejì ti ti ilẹ̀kùn lọ sí Èkó láti ìgbà tí òwò ti dúró. Ó ń fi ìka ṣírò rẹ̀, ó ṣí ìka kan, ó pa á dé, ó ṣí òmíràn, ó pa ìyẹn náà dé. Ọ̀gá ìṣirò há.

“Ó dáa, sà,” ni Morádéyọ̀ wí jẹ́jẹ́, “mà á máa pè yín ní gbogbo Sátidé láti béèrè.”

“Béèrè kí ni?”

“Bóyá ẹ ti kú.”

Bàbá kọ́kọ́ fẹ́ gbaná jẹ. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó gbọ́ irú rẹ̀ nínú ilé náà débi pé ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló rín in.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọkọ̀ kó àga lọ, fóònù rẹ̀ dún.

“Ṣé Bàbá Adégbóyè nìyí? Aṣọ́bodè ni mí, sà. Ọkọ̀ kan wà níwájú mi tó kún fún àga òkú, ọ̀nà ẹnubodè ló kọrí sí. Arábìnrin inú ẹ̀ ní òkú ọ̀hún ṣì wà láàyè. Mo ní kí n fetí ara mi gbọ́ ọ.”

“Mo wà láàyè.”

“Ṣé ó dá yín lójú, sà?”

“Ọ̀gá, nígbà mìíràn kì í dá èmi náà lójú.”

Aṣọ́bodè náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó sì ní kí ọkọ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá gbé fóònù sílẹ̀, òun kò rẹ́rìn-ín.

Morádéyọ̀ mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. “Bàbá, ṣé ká ti máa kó àga bọ̀?” “Ẹ ṣì ní sùúrù ná!” Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa sọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó sọ ti Toheebat, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù gba ẹnubodè tẹ́lẹ̀, tó ti ń ka Bíbélì báyìí. Ó sọ ti Ìyá Jẹ̀mílátù, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó sì ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri ilé gbogbo aládùúgbò. Nígbà tó yá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n ní òwúrọ̀ Sátidé kí fóònù tó dún.

Sátidé kan dé ní oṣù Bélú, fóònù kò dún. Èyí tó tẹ̀ lé e, kò dún. Ìjọba ti ní kí epo má dé àwọn ilé epo etí ẹnubodè mọ́, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ń ṣájì fóònù ní Ìgbó-Ọsàn sì ti dákẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá kò mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dúró níwájú àga tó kù láti pe orúkọ, fóònù ló yí padà lọ wò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àga ló ń ká òun lára. Ó pe Gbọ́lá ọlọ́kadà.

“Bàbá, epo ti wọ́n bí ojú! Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lọ́nà jíjìn yẹn?”

“Mo fẹ́ lọ wo àga mi.”

Gbọ́lá wò ó títí. “Ẹ̀yin àgbà yìí náà,” ló wí, ó sì gbé e.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó dé, ẹrẹ̀ ti bo Bàbá dé orúnkún. Ó gbọ́ ohùn àwọn tó ń kàwé pọ̀ láti inú ilé alámọ̀ kan. Ọdún mélòó ló ti gbọ́ irú ohùn yẹn kẹ́yìn! Ó súnmọ́ ọn. Ìgbà náà ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà.

“Ó! Dì! Gbó! Ṣe! Bà! Bá! A! Dé! Gbó! Yè!”

Ìwé kò tó, ẹ̀yìn àga tó wà níwájú oníkálukú sì ni ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Morádéyọ̀ ti sọ àga di ìwé kíkà.

Bàbá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. “Ẹ kú iṣẹ́ o! Èmi ni Adégbóyè.”

Yéè! Ìyá Jẹ̀mílátù, tí ènìyàn méjì ń gbé dìde tẹ́lẹ̀, gba ojú fèrèsé jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan ràn án lọ́wọ́. Kí ojú tó ṣẹ́, Morádéyọ̀ àti Toheebat nìkan ló kù nínú ilé.

Toheebat wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ẹ padà wá jàre!” ló kígbe síta. “Òkú wo ló ń gun ọ̀kadà, tí ẹrẹ̀ ń bò lẹ́sẹ̀?”

Wọ́n ń yọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Jẹ̀mílátù tọ́ Bàbá lápá. “Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́!” Ẹ̀rín gba ilé.

“Mo sọ fún wọn títí pé ẹ wà láàyè, sà,” ni Morádéyọ̀ wí. “Wọ́n ní ohun tí àwọn fojú ara àwọn kà ni àwọn gbà gbọ́.”

Ṣùgbọ́n ẹkún ti gba ẹ̀rín lẹ́nu Ìyá Jẹ̀mílátù. “Ẹ má bínú, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó ni mo ń ní, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yìí sí afẹ́fẹ́ rere, ẹni tí ò mọ̀ wá rí tó ronú kàn wá kó tó kú. Mo sunkún yín gan-an.”

“Èmi náà,” ni Toheebat sọ. “Mo ní ì bá wù mí kí n mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀.”

Bàbá Adégbóyè dúró gbagidi. Ìsìnkú tó ti ń kó nǹkan jọ fún láti ọdún mẹ́fà nìyí, àwọn tó sunkún rẹ̀ tọkàntọkàn rèé. Àmọ́ ta ni wọ́n sunkún? Bàbá ọ̀làwọ́ kan. Òun kò mọ bàbá náà rí. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Morádéyọ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ ojú sílẹ̀, kò ní í tú àṣírí.

“Ẹ jókòó,” ló wí, ní ohùn hẹdimásítà. Gbogbo wọn jókòó wàì. “Mi ò fún yín ní àga o. Mo yá yín ni. Pajápajá ló sì gbé mi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ìyá Jẹ̀mílátù gbé ojú sókè wò ó.

“Ọkùnrin tí ẹ sunkún yẹn, mi ò tíì jẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin nìyí, èmi àti ẹ̀ ò tíì pàdé. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n di òun kí n tó kú lóòótọ́. Ẹ bá mi tọrọ ọjọ́ díẹ̀ sí i lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Ìyá Jẹ̀mílátù ló kọ́kọ́ ṣe “Àmín,” ó sì pariwo ju ti gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Ìlaròó lọ.

Àga ọgọ́ta di ti Ìgbó-Ọsàn títí láé. Ogóje tó kù lọ sí àwọn ibùdó míṣọ́n mìíràn, owó màlúù sì di páànù àti Bíbélì. Ìbíyẹmí gbọ́, ó pè láti ibi iṣẹ́. “Dádì! Kí làwọn èèyàn máa jókòó lé lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ?”

“Kí wọ́n dúró. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ìbíyẹmí kò ní òun á pè padà. Ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí káàdì rẹ̀ fi tán.

Mi ò ní parọ́ fún yín: ilé náà kò tíì kún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ṣì ń gùn, pálọ̀ tó ṣófo ṣì ń dá ohùn ẹsẹ̀ rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Bàbá Adégbóyè kó pa mọ́ de ọjọ́ tí kò ní sí níbẹ̀ kò mú ẹyọ ènìyàn kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tó fi sínú iṣẹ́ Olúwa nígbà tó ṣì ń mí ló fún un ní ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí pajápajá bá gbé yín dìde kí ẹ tó fúnni. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń lọ kọ́ wọn níwèé ní Ìgbó-Ọsàn, Bàbá ti wọ bàtà tán kí Gbọ́lá tó dé, ó gbé àpò ṣọ́ọ̀kì sí èjìká, ó ń wo aago, ó ń bínú pé wọn yóò jẹ́ kí òun pẹ́ dé ibi iṣẹ́.