Èmi Kọ́ Lò Ń Pè

Ọjọ́ tí Wúràọlá kọ́kọ́ débi iṣẹ́ ní Ìkòròdú, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ̀, kò tàn. Fàwáz tó jókòó nítòsí na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ki wáyà rẹ̀ bọnú iná. "Arẹwà, iná ló ń lò o, kì í ṣe àdúrà." Ẹ̀rín ọjọ́ náà ló di ìfẹ́.

Áàpù orí fóònù táwọn oníṣòwò fi ń gbowó làwọn méjèèjì jọ ń tọ́jú. Ìdílé wọn ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kí ilé-iṣẹ́ tó dá èèyàn púpọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójijì.

Wọ́n dá Fàwáz dúró. Wúràọlá ló wá ń dá dúró.

"Kú ewu, Wúrà mi," ni Fàwáz wí bó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, bí ẹni ń kí èèyàn tó jáde láàyè nínú ọkọ̀ tó dànù. Inú Wúràọlá dùn pé òun ṣẹ́ kù. Ìdùnnú náà tì í lójú.

Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta bọ́ sí i lọ́rùn. Ẹni tó bá ráhùn, ọ̀gá á ní kó rántí àwọn tó ti lọ. Iṣẹ́ Fàwáz ló ta kókó jù, nítorí náà ni Wúràọlá ṣe ń pè é lórí fóònù nílé ìyá rẹ̀ tó padà sí ní Ẹ̀pẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń kí ara wọn títí. Nígbà tó yá, Wúràọlá kì í dúró gbọ́ ìdáhùn ìkíni mọ́.

Ìyá Wúràọlá ní kó di iṣẹ́ rẹ̀ mú, pé ọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lè dúró ná. Wúràọlá bínú. Ó ní iṣẹ́ ìbáà wà, iṣẹ́ ìbáà má sí, Fàwáz lòun ó fẹ́. Ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ kó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójúkojú.

Ìyá Fàwáz ló ṣílẹ̀kùn, báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wúràọlá kúnlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o ò sọ fún ìyàwó mi pé mo ṣubú ni?"

"Mo sọ fún un, Màámi. Ó ní ká padà sọ́rọ̀ áàpù."

Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀. Ohun tó dun Wúràọlá jù nìyẹn. Ó wá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó kó wá, kò rí i sọ. Ó ní iṣẹ́ ni, ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé wọ́n á dá òun náà dúró. Fàwáz ní òun mọ̀. Ó sìn ín dé ẹ̀bá ọ̀nà.

"Wúrà mi, bí iṣẹ́ bá tún ta kókó, kọ ọ́ ránṣẹ́, màá dá ẹ lóhùn. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má pè mí mọ́. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń rò pé èmi lò ń pè."

Ọkọ̀ kò tíì jáde ní Ẹ̀pẹ́ tí fóònù Wúràọlá fi dún. Ọ̀gá ni. Ó nu ojú, ó sì gbé e.