Òdo Ni Shuo Kọ Sórí Fọ́ọ̀mù

Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ tó ń gbé ilé mi á bọ́jú, wọ́n á ya irun, wọ́n á wá jókòó sí kíṣìnnì. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ. Òbí wọn ní Ṣáínà ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n rí ojú tó rẹ̀.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa Ṣáínà sílé ní Ohio yìí, ní Amẹ́ríkà. Mo mọ ẹ̀rín ọjọ́ Àìkú dunjú, ó sì ti sú mi.

Fang Shuo ló mọ̀ ọ́n rín jù. Ọmọ Hunan ní Ṣáínà ni. Ó lo ọdún kan ní yunifásítì nílé kó tó wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbí.

"Àǹtí Meng, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu ẹran yẹn."

Màá bu ẹran ẹlẹ́dẹ̀ olóbẹ̀ pupa lé ìrẹsì, Shuo á gbé e síwájú fóònù.

"Màmá, ẹ wò ó, mò ń jẹun o."

"O ò rù, ṣé?"

"Èmi? Ṣòkòtò mi ò gbà mí mọ́."

Ṣòkòtò tó fi okùn bàtà so mọ́ ìdí ni. Tí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀, á gbé abọ́ padà fún mi bí mo ṣe bù ú.

"Inú ló ń run mí, Àǹtí. Ẹ má bínú."

Inú rírun yìí ti tó oṣù méjì. Dókítà ilé ìwé yẹ inú náà wò títí, kò rí nǹkan kan, ó wá ní kó lọ rí àwọn agbaninímọ̀ràn. Láàárín àkókò yẹn, Shuo ò sùn, kò sì yọjú sí kíláàsì méjì mọ́.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ni àwọn agbaninímọ̀ràn sọ.

"Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe mí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Fọ́ọ̀mù ni. Wọ́n ní ṣé inú mi ń bàjẹ́, ṣé mò ń sùn, kí n kọ ọ́ láti òdo dé mẹ́ta. Mo kọ òdo sí gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀? Ìwọ tí o kì í sùn?"

"Àǹtí, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n fún wa nírú ẹ̀ ní ọdún kìíní nílé. Ọmọ kan ní yàrá wa kọ òótọ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, olùkọ́ tó ń mójú tó wa ti pe bàbá ẹ̀. Bàbá wọ rélùwéè wá kó ẹrù ẹ̀. A ò rí i mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ti kàwé nílé wa mọ̀ pé òdo ni ìdáhùn tó lè dáàbò bo èèyàn.

Agbaninímọ̀ràn tó rí i, ọ̀dọ́bìnrin kan, gba òdo náà gbọ́. Nígbà tí Shuo mẹ́nu bà á pé bàbá òun ló yan ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ fún òun, ó ní, "Ayé tìẹ ni. Sọ fún bàbá rẹ pé kò kàn án." Shuo dìde, ó dúpẹ́, kò padà lọ mọ́.

"Tí mo bá sọ ìyẹn fún bàbá mi, ọmọ ta ni mo tún jẹ́?" Ó fi kún un pé, "Mo máa fi kíláàsì méjèèjì sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lọ́la, Àǹtí. Bóyá ara á fúyẹ́."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó bá dín kíláàsì kù láìgba àṣẹ, ó lè pàdánù ìwé tó fi ń gbé níbí. Mo ti bá ẹnìkan di ẹrù nítorí ẹ̀.

"Má tẹ nǹkan kan. Fún mi ní ọjọ́ méjì."

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìbínú gba ọ́fíìsì àwọn agbaninímọ̀ràn lọ. Àgbà obìnrin kan lára wọn tó ń jẹ́ Brandt ló jáde sí mi.

"Ìyáàfin, ọmọ tó rù bí igi kọ òdo síwájú yín, ẹ wá gbà á gbọ́?"

"Mi ò lè bá yín sọ̀rọ̀ ọmọ kankan," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ lè sọ bóyá mo mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n mo ní etí. Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ohun tí òdo jẹ́ nílé yín fún mi."

Láti ọdún mọ́kànlá, ẹnìkan ò bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Mo sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo délé, mo bínú sọ fún Shuo pé, "Obìnrin yẹn ò sọ fún mi bóyá òun mọ̀ ẹ́."

Ó gbójú sókè. "Ẹ sọ fún un pé ilé yín ni mò ń gbé?"

"Mo sọ ọ́."

"Pé ẹ̀yin lẹ ń se oúnjẹ mi?"

"Mo ní mo sọ ọ́. Kò dá mi lóhùn."

Ó ronú sí i. "Tí kò bá sọ fún yín, ṣé á sọ fún bàbá mi?"

Lọ́jọ́ kejì ló lọ rí Brandt, ó ní kí n bá òun jókòó níbẹ̀. Ìyáàfin Brandt ò béèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Inú tó ń run ún ló kọ́kọ́ béèrè, àti ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń sè fún un tí inú bá ń run ún nílé. Shuo ní ìrẹsì olómi pẹ̀lú atalẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

"Ohun tí o bá sọ níbí, ibí ló ń gbé," obìnrin náà wí. "Mi ò ní pe òbí rẹ tàbí olùkọ́ rẹ. Àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, mi ò ní dákẹ́ nígbà yẹn. Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí o má baà ní mo tàn ẹ́." Ó na fọ́ọ̀mù sí i. "Tún un kọ. Tó bá jẹ́ òdo náà ni, kọ ọ́."

Shuo di bírò mú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó kọ ọ́, méjì àti mẹ́ta ló kún orí ìwé náà.

Ìyáàfin Brandt kọ lẹ́tà fún un. Shuo gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kó fi kíláàsì kan sílẹ̀ nítorí àìlera. Ìwé tó fi ń gbé níbí ò bàjẹ́.

Ní ti bàbá, obìnrin náà ò ní kó lọ bá a jà. Ó béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ bá nínú ilé wọn.

"Màmá mi. Ṣùgbọ́n a kì í sọ ìdààmú fún wọn. Wọ́n jìnnà, kò sí nǹkan tí wọ́n lè ṣe, oorun wọn nìkan ló máa bàjẹ́."

"Ìwọ̀n wo nínú ẹ̀ ni wọ́n lè gbé?" Brandt bi í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun àti Brandt fi wá ọ̀rọ̀ tó máa bá ìyá rẹ̀ sọ. Ó wá pe ìyá rẹ̀ ní Ọjọ́rú, tí kì í ṣe ọjọ́ ìpè, mo sì wà nídìí ààrò.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni ìyá kọ́kọ́ bi í.

"Ara mi ò yá, Màmá. Ó ti pẹ́. Mo fi kíláàsì kan sílẹ̀, mo sì ń rí ẹnìkan tó ń gbà mí nímọ̀ràn."



"Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ lóṣù kẹsàn-án," ìyá náà wí. "Ó ti ń san báyìí. A ò fẹ́ kó dí ìwé rẹ lọ́wọ́."

Oṣù kẹsàn-án yẹn, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn. Àánú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe mí débi pé mo pa iná ààrò, mo sì jókòó.

Inú ṣì ń run Shuo lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ń lọ sí kíláàsì, ó sì ń lọ rí Brandt lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tí inú bá ń run yín tàbí tí orí bá ń fọ́ yín, tí dókítà ò sì rí nǹkan kan, ẹ lọ rí agbaninímọ̀ràn, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó lè sọ síta àti ohun tí kò lè sọ kí ẹ tó kọ nǹkan kan. Tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá mọ bí ilé yín ṣe rí, ẹ béèrè ẹlòmíràn. Ẹ má fi kíláàsì sílẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ẹ̀yin agbaninímọ̀ràn, tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ òdo, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ìdààmú tiyín fún ọmọ yín. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi í pamọ́.