Awọ Tí Pupa Kọ̀

Pupa gbóòórùn awọ tí Àsíyátù tẹ́ síwájú rẹ̀, ó sì fi ìwo gbá a dànù. Wàrà kò kán sínú igbá.

Gbogbo obìnrin tó ń sin màlúù oníwàrà ládùúgbò wọn ní Kábà ló mọ̀ ọ́n: bí ọmọ màlúù bá kú, awọ rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ síwájú ìyá kí wàrà lè wá. Ìyá á máa lá a bí ẹni pé ọmọ ṣì wà láàyè. Pupa kò lá èyí.

Jethro, tó ń ra màlúù fún àwọn alápatà, ló rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ta akọ tí màlúù wọn bá bí ní kékeré mọ́. Ará ìlú ń wá ẹran. Kí wọ́n sìn ín kó tóbi. Wọ́n gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kó àwọn akọ náà lọ gba abẹ́rẹ́. Lánàá, awọ ló kó dé. Ó ní àìsàn pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ Pupa ti ń darúgbó, owó akọ yẹn ni Àsíyátù fẹ́ fi ra òmíràn.

Ó so okùn mọ́ Pupa lọ́rùn, ó ká awọ náà dání, ó kọjú sí ilé Jethro.

"Màlúù lo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí?" Tinúadé aládùúgbò rẹ̀ bi í.

"Ó mọ ọmọ rẹ̀ ju bí Jethro ṣe mọ ìyá tó bí i lọ. Sáré lọ pe Sájẹ́ǹtì Godwin ní àgọ́ ọlọ́pàá."

Jethro dúró sẹ́nu ọ̀nà ọgbà rẹ̀, lójú ọ̀nà Odò-Àpẹ.

"Okun o, ìyá," ó kí i. "Kí lẹ tún fẹ́?"

"Awọ yìí kì í ṣe ti ọmọ Pupa."

"Ṣé orúkọ wà lára awọ ni? Ẹ máa lọ sílé, kí n tó ní kí wọ́n tì yín mọ́lé!"

"Tì mí mọ́lé. Ṣùgbọ́n kúrò lọ́nà ná."

Pupa ké. Lẹ́yìn ilé, ọmọ màlúù kan dá a lóhùn. Ó tún ké. Ìyẹn tún dáhùn.

"Wa mọ́tò yẹn jáde!" Jethro kígbe.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n fi tapólì bò yọ jáde. Àsíyátù fa Pupa dábùú ọ̀nà, ó sì dúró tì í. Awakọ̀ fọn fèrè.

"Tẹ̀ mí pa kí o tó kọjá!"

Awakọ̀ tẹ bíréèkì, ó bẹ́ sílẹ̀, ó sá wọ oko àgbàdo. Jethro fẹ́ tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ọ̀kadà tó gbé Sájẹ́ǹtì àti Tinúadé ti dé iwájú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ká tapólì sókè. Àwọn akọ ọmọ màlúù dúró gbọnin, wọ́n ń wò ó.

"Níbo lo ti rí awọ?" Sájẹ́ǹtì bi Jethro.

Jethro ń wolẹ̀. "Ilé ìpẹran ni mo ti rà á. Mo ti ta àwọn wọ̀nyí fún ará Lọ́kọ́jà."

"Òkú ń lọ Lọ́kọ́jà!" Tinúadé bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àwọn obìnrin yòókù ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú okùn, wọ́n ń pe ẹran wọn lórúkọ.

"Ẹ ní sùúrù," Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ̀rí ni wọ́n. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọn yóò sùn."

Àsíyátù ti ń tú ọmọ Pupa sílẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, bí kóòtù bá ń wá a, ilé mi ló wà. Wọ́n ti pa á lẹ́ẹ̀kan. Kò tún ní ṣẹ̀wọ̀n."