Ojú-Ìwé Kan Tí Báláú Jí Kà

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iṣẹ́ méjì ni alágbàfọ̀ kan máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ, ó sì ń ṣọ́ òdìkejì títì. Ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí áyọ́ọ̀nù, ojú rẹ̀ á wà lára àwọn tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀.

Báláú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí oníbàárà tó gbé aṣọ wá tí kò ní fi ọwọ́ sọ̀yà fún pé, "Yóò funfun báláú!" Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti ń fọṣọ níbẹ̀. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù òdìkejì kì í sì í ṣe àjèjì. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ obìnrin ni. Ọ̀dọ̀ Báláú gan-an ló ti kọ́ṣẹ́.

"Ẹnì kẹrin nìyẹn láàárọ̀ yìí," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, tó ń so nọ́ńbà mọ́ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọ̀gá ilé-ìwé! Ọ̀gá ilé-ìwé tó jẹ́ pé èmi ni mo fọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀! Wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín wọ ibẹ̀."

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ wo iwájú yín."

"Kí ló wà níwájú mi tí mo fẹ́ wò?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ń lọ̀ ni. Ó ti ń jóná."

Òótọ́ ni. Àmì áyọ́ọ̀nù ti hàn gbangba lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́: ọkùnrin yìí ń jowú. Tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi," á ní ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Tí kò bá kí i, á ní ìgbéraga ti gun orí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tó rántí òdìkejì, oúnjẹ ọ̀hún á sú u.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé kò mọ ọgbọ́n tí ọmọ náà ń dá. Ọṣẹ kan náà ni wọ́n jọ ń rà. Omi kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Síbẹ̀, àbàwọ́n tí Báláú bá ní kò lè lọ, tí oníbàárà bá ti gbé e sọdá títì, yóò lọ. Nǹkan kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní tí òun kò ní ni pákó gígùn kan tó kàn mọ́ ògiri, tó to ìwé sí. Oníwèé ni Báláú ń pè é lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ náà ti gbé ìwé wá fún un pé kó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló sì dá a padà. "Ọṣẹ ló ń fọṣọ," ó sọ fún un. "Ìwé kì í fọṣọ."

Ní ọjọ́ Ajé kan, obìnrin tó ń bójú tó àwọn yàrá ní ilé ìtura ńlá ìkóríta gbé ìdì aṣọ kan wọlé.

"Páìpù omi wa ló dípẹtà," ó ní, "ó sì ti ba àwọn aṣọ ibùsùn wa jẹ́. Ẹ̀yin àti ẹni òdìkejì yìí ni wọ́n júwe fún mi. Mẹ́ta rèé fún yín, mo ti gbé mẹ́ta fún òun náà. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa padà wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá mọ́ jù la ó máa kó gbogbo aṣọ ogójì yàrá ilé ìtura wa fún."

Ogójì yàrá! Orí Báláú fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ. Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tún jí dìde nìyẹn. Tó bá sì bọ́ sọ́wọ́ Oníwèé, kò sí ohun tó kù ju kó ti ilẹ̀kùn lọ.

Ó fọ̀, ó tún fọ̀. Ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àbàwọ́n ìpẹtà náà kàn ń wò ó ni.

"Ẹ jẹ́ kí n bi àbúrò mi léèrè," ìyàwó rẹ̀ sọ ní ọjọ́rú.

"Kó wá máa fi mí rẹ́rìn-ín? Gbọ́, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Àkísà nìkan náà ló máa kù sí wa lọ́wọ́ o, tá a bá ń bá a lọ báyìí."

Lọ́jọ́ kejì, Báláú sọdá fúnra rẹ̀. Ó ní sítáàṣì díẹ̀ lòun wá yá. Irọ́ ni. Ojú ló wá fi ṣe amí.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá mi. Ẹ jókòó, mo ń gbé e bọ̀," ọmọ náà ní, ó sì wọ ẹ̀yìn lọ.

Ìwé kan wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Báláú na ọrùn. Ohun tó rí kà nìyí: *Mo da bílíìṣì sínú báàfù. Mo wá da ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lé e lórí. Mo ní kò sí àbàwọ́n tó lè dúró níwájú àwọn méjèèjì. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ń kọrin.*

Ibẹ̀ ni ojú-ìwé náà parí sí. Báláú gbọ́ ẹsẹ̀, ó yáa kúrò nídìí tábìlì. Inú rẹ̀ ń dùn, inú sì ń bí i pẹ̀lú. Àṣé àṣírí tí ọmọ yìí fi ń gba oníbàárà òun nìyí! Ó gba sítáàṣì, kò tiẹ̀ rántí dúpẹ́.

Ó ra ohun méjèèjì, ó sì wọ yàrá kékeré tí wọ́n ti ń fọṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀kùn, ó tún fi àkísà dí abẹ́ rẹ̀, kí òórùn má baà jáde kí Oníwèé sì fura. Owú ló ti gbogbo rẹ̀ pa o, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Bó ṣe da èkejì lu èkíní, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Èéfín aláwọ̀ ìyeyè tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú gbéra láti inú báàfù. Ojú rẹ̀ ta á, ọ̀fun rẹ̀ ń jó o. "Oògùn gidi kì í dùn," ó sọ fún ara rẹ̀, ó ń wúkọ́, ó sì dúró síbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ikọ́ náà. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó sáré wọlé, ó ń pariwo, "Kí lẹ ń ṣe níbí?" Ẹnu tó yà láti pariwo yẹn ló fi fa èéfín náà mì. Ó gbá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó fà á títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ ṣubú sí.

Báláú fẹ́ kígbe, ohùn ò jáde. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti rí i láti òdìkejì pé èéfín ń gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù jáde. Ó sọdá bí ìjì, ó di èémí rẹ̀ mú, ó wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde sí gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

"Ẹ má padà wọlé o!" ó kígbe sí Báláú tó tẹ̀ lé wọn jáde. "Kódà bó jẹ́ wúrà lẹ gbàgbé síbẹ̀! Ẹ bá mi dá mọ́tò dúró!"

Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé tọkọtaya náà lọ. Wọ́n fún Báláú ní ìtọ́jú, wọ́n ní kó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n gbé wọlé, tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún ní afẹ́fẹ́. Dókítà ní tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i nínú yàrá yẹn, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àbúrò ìyàwó rẹ̀ bá a lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Ọ̀gá mi, ta ló ní kẹ́ ẹ pa nǹkan méjèèjì yẹn pọ̀?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwé rẹ ni. Mo rí i kà lórí tábìlì rẹ. Ohun tí ò ń lò nìyẹn, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà dìde. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìwé náà wá, ó ṣí i sí ojú-ìwé ọ̀hún, ó wá ṣí i sí èyí tó tẹ̀ lé e. Báláú kà á: *Ìgbà tí mo máa lajú, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo bá ara mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ wà nínú yàrá yẹn. Èmi nìkan ni mo jáde láàyè.*

Báláú wo ilẹ̀kùn yàrá tí ìyàwó rẹ̀ wà.

"Ìtàn ìgbésí ayé alágbàfọ̀ àgbà kan nìyẹn," ọmọ náà ní. "Ó sọ àṣìṣe tó ṣe nígbà èwe rẹ̀ kí ẹlòmíì má baà ṣe é. Kì í ṣe ìwé tó ń kọ́ni níṣẹ́."

"Ìwé kì í ṣe ìwé ni?"

"Ọ̀gá mi, ṣé gbogbo ohun tó wà nínú ike ni ọṣẹ?"

Báláú mi orí pé rárá.

"Tí mo bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan, ìwé atọ́nà ni mo ń ṣí, èyí tó ń to nǹkan ní ẹsẹẹsẹ. Mo máa ń wo ẹni tó kọ ọ́, bóyá ó mọ iṣẹ́ náà, mo sì máa ń wo ọdún tó jáde. Òun ló sọ fún mi pé bílíìṣì ò lè mú ìpẹtà kúrò. Ńṣe ló ń jẹ́ kó túbọ̀ wọ aṣọ lára. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ lẹ máa fi pa á, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ wá ṣàn án."

"Ọsàn wẹ́wẹ́?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́."

"Èyí tí wọ́n ń tà ní ìkóríta yìí?"

"Òun náà ni. Ìwé ìlera ló sì kọ́ mi pé ibi tí afẹ́fẹ́ wà ni kí n kọ́kọ́ gbé Àǹtí mi lọ. Ẹ rántí ọjọ́ tí onílé fẹ́ lé mi jáde láìfún mi ní àkókò? Ìwé tó ṣàlàyé òfin fún ará ìlú ni mo fi dá a lóhùn. Tí ọkàn mi bá sì rẹ̀wẹ̀sì, mo máa ń ka ìwé ìtàn ayé àtijọ́, kí n lè rí i pé èmi kọ́ ni ìyà kọ́kọ́ jẹ."

"Èyí tó ní àwòrán ẹyẹ lẹ́yìn tó wà lórí pákó rẹ ńkọ́? Kí lo fi ìyẹn ṣe?"

"Mi ò fi ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń dùn mọ́ mi."

Báláú fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Ṣé o mọ̀, ọmọ yìí? Mò ń jowú rẹ. Ó ti pẹ́."

"Mo mọ̀, ọ̀gá mi. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Báláú padà sí ṣọ́ọ̀bù, obìnrin ilé ìtura sì dé. Aṣọ ti òdìkejì funfun báláú. Ti Báláú ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ìpẹtà ibẹ̀ ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Báláú fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú wọn, ó sì sọ ohun tó ṣe, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ ogójì yàrá fún Oníwèé. Mi ò ní parọ́ fún yín pé owú ò tún gún un lọ́kàn nígbà tí mọ́tò ilé ìtura páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Ó gún un dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó sọdá lọ béèrè ìwé.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé ilé, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lójoojúmọ́, Báláú á jókòó tì í, á máa ka ìtàn alágbàfọ̀ náà sí i létí, láti ojú-ìwé kìíní. Nígbà tó dé ojú-ìwé yẹn, ó pa ìwé náà dé. Ìyàwó rẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i sí èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì gbé e padà lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí ohun ìfọǹkan mìíràn láé. Bí irú èéfín bẹ́ẹ̀ bá yọ nínú ilé yín, ẹ jáde sí gbangba, kẹ́ ẹ sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwé tó ń sọ òtítọ́ nípa ayé pọ̀, iṣẹ́ wọn ò sì dọ́gba: ọ̀kan ń kọ́ ọ níṣẹ́, ọ̀kan ń dáàbò bo ara rẹ, òmíràn ń jẹ́ kó o rí ibi tí ẹlòmíì ṣubú sí kí ìwọ má baà ṣubú síbẹ̀. Kó o tó fi ohun tó o kà ṣiṣẹ́, mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ, kó o sì kà á débi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Ilé ìkàwé wà fún gbogbo wa, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò sì tọ́ ọ sọ́nà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí o bá rí ẹni tí ò ń jowú rẹ̀, má ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Lọ bi í léèrè ohun tó ń kà.